Rúkèrúdò inú afẹ́fẹ́ tó ń ṣẹ́ apá ẹ̀rọ amúnáwá, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò kó ìjánu sí i lẹ́nu

Ní òru ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 1945, ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan tó ń lo afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí òkè Grandpa's Knob ní ìpínlẹ̀ Vermont, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, já ọ̀kan nínú apá rẹ̀ méjèèjì dànù. Apá tí à ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí géńdé mẹ́wàá lè gbé. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, ó sì fò tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 750 kó tó balẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà lókè lórí òpó ẹ̀rọ náà nígbà tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n orí kó o yọ.

Kò tíì sí irú ẹ̀rọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé lásìkò yẹn. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Palmer Putnam ló ronú kàn án, iléeṣẹ́ S. Morgan Smith ló náwó lé e lórí, wọ́n sì pe ògbóǹtarìgì onímọ̀ nípa afẹ́fẹ́, Theodore von Kármán, sí i kó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Láti orí apá kan dé orí apá kejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 175. Ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1941 ló kọ́kọ́ gbé iná sórí wáyà tí àwọn aráàlú ń lò, agbára rẹ̀ sì tó kílówáàtì 1,250. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1943, bẹ́árìn ńlá inú rẹ̀ bàjẹ́. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, irin ti ṣọ̀wọ́n, ó sì gba nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, apá méjèèjì dúró gbagidi sójú kan, afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n, ó ń fà wọ́n, lọ́sàn-án àti lóru. Nígbà tí ẹ̀rọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1945, oṣù náà kò tíì parí tí apá fi já. Iléeṣẹ́ náà ṣírò iye tí yóò ná wọn láti máa kọ́ irú rẹ̀ sí i, wọ́n rí i pé ó ti wọ́n jù, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rò pé ìjì àrà ọ̀tọ̀ kan ló jà lóru ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Irin ló rẹ̀. Bí ènìyàn bá mú wáyà, tó tẹ̀ ẹ́ síwájú, tó tún tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò ní í ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè má ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ṣùgbọ́n bó bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn, wáyà náà yóò kán lọ́wọ́ rẹ̀ láìlo agbára rárá. Ohun tó ń tẹ apá ẹ̀rọ amúnáwá báyìí ni rúkèrúdò tó wà nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń lé kiri láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kì í ṣe láti dá a dúró, nítorí kò sí ẹ̀dá tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe láti mọ ìwà rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ yóò lè múra sílẹ̀ dè é.

Àwọn ìyá wa tó máa ń fẹ́ ẹ̀wà tàbí ìrẹsì lẹ́yìn ìkórè mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ. Ìyá yóò gbé igbá sókè, yóò dúró, yóò máa retí. Afẹ́fẹ́ yóò rọra dé, ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀wà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójijì, afẹ́fẹ́ yóò le, èèpo yóò fò kọjá ibi tó yẹ, àní ẹ̀wà tó fúyẹ́ yóò bá a lọ, kí ìyá náà sì tó rẹ igbá sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ti lọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ó ti le, ó ti rọ̀, ó ti yà sọ́tùn-ún, ó ti tún padà. Bí àwọn tó ń wọn ojú ọjọ́ bá wá kéde pé afẹ́fẹ́ ọ̀sán ọjọ́ náà jẹ́ mítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ ohun tí ìyá yẹn fẹ́ẹ́ gbọ́.

Fún ẹni tó ni ẹ̀rọ amúnáwá, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó wà nínú rẹ̀ a máa di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kìíní, afẹ́fẹ́ fẹ́ ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìyẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kejì, ó fẹ́ ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá fẹ́ ní mítà 15 fún ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù. Bí a bá pa á pọ̀ tí a pín in dọ́gba, mítà 10 ni ọjọ́ méjèèjì. Síbẹ̀, agbára inú afẹ́fẹ́ ọjọ́ kejì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èrè ni ìyẹn o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti yó tí afẹ́fẹ́ bá ti tó bíi mítà 12. Èyí tó bá lé sí i, dídà ni wọ́n ń dà á nù, bí apá kò bá sì tètè yí kúrò lójú rẹ̀, òpó, jíà àti bẹ́árìn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ní ọdún 1957, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, Van der Hoven, gbé àbájáde wíwọ̀n afẹ́fẹ́ ní Brookhaven, ní ìpínlẹ̀ New York, jáde. Ó rí i pé àyípadà afẹ́fẹ́ pín sí agbo méjì. Agbo kan ń wáyé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin síra, èyí jẹ́ ti ojú ọjọ́ tó ń kọjá lọ. Agbo kejì ń wáyé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan síra, òun ni rúkèrúdò. Láàárín méjèèjì, fún bíi wákàtí mélòó kan, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan. Àlàfo yìí ni wọ́n fi ń ti àṣà àwọn ẹnjiníà lẹ́yìn títí di òní: wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ìpíndọ́gba eré afẹ́fẹ́, ohun tó bá wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, rúkèrúdò ni wọ́n kà á sí.

Níbo gan-an ni rúkèrúdò yìí ti ń wá? Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń fúyẹ́, ó ń gòkè, tútù ń wálẹ̀ wá gba ipò rẹ̀. Igi, ilé àti òkè náà ń dí ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́rí kúrò lára wọn a sì máa yípo. Ìyípo tó fẹ̀ tó abúlé kan yóò fọ́ sí kéékèèké, kéékèèké yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí yóò fi kéré bí ìka ọwọ́, tí yóò sì di ooru lásán. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Andrei Kolmogorov, ló fi ìṣirò hàn ní ọdún 1941 bí agbára ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ ìyípo ńlá sí ọwọ́ ìyípo kékeré. Ẹni tó bá ti rí ààjà tó ń gbé ewé gbígbẹ lọ láàárín ọjà lọ́sàn-án gangan ti rí ọ̀kan nínú wọn. Àìmọye ni èyí tí ojú kò rí, nítorí kò rí ewé gbé.

Àwọn ará Denmark ti bá ìṣòro yìí pàdé tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1891, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Poul la Cour gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa iná mànàmáná kalẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní abúlé Askov. Ohun tó kọ́kọ́ dà á láàmú kì í ṣe àìsí afẹ́fẹ́, bí kò ṣe pé afẹ́fẹ́ kò dúró sójú kan, ìyípo ẹ̀rọ kò sì lè dọ́gba. La Cour ṣe ohun èlò kan tó ń bá a mú ìyípo náà dọ́gba, ó pe orúkọ rẹ̀ ní kratostat. Ó tún fi iná náà tú omi sí gáàsì, ó ń tọ́jú gáàsì yìí pamọ́, òun ni wọ́n sì fi ń tan fìtílà ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Johannes Juul, ló wá kọ́ ẹ̀rọ ìlú Gedser ní ọdún 1957. Apá mẹ́ta ló ní, agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 200. Ọgbọ́n tí Juul dá ni pé ó gbẹ́ apá náà lọ́nà tó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti le jù, apá fúnra rẹ̀ kò ní í lè dì í mú mọ́, agbára yóò sì dínkù láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀rọ yìí fi ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tí ọgbọ́n yìí lè dé ló kù díẹ̀ káàtó: bí apá bá ti ń gùn sí i, ipá tó ń bọ̀ lára rẹ̀ ń pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún àbùdá apá nìkan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ńlá gbọ́dọ̀ mọ irú afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀.

Ibi tí ìmọ̀ yẹn ti jáde wá gan-an ni oko àlìkámà kan ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1968, lẹ́yìn tí wọ́n ti kórè tán, tí ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun òfurufú ri òpó kan tó ga ní mítà 32 mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ohun èlò kan kọ́ ọ lára tó ń fi ìró wọn afẹ́fẹ́: ìró yóò rìn láti orí kan dé orí kejì, bí ó bá tètè dé, afẹ́fẹ́ ló ń tì í láti ẹ̀yìn, bí ó bá pẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń dojú kọ ọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní ọdún 1972, J. C. Kaimal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Bí èèyàn bá ti ro ti gíga òpó, eré afẹ́fẹ́ àti bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó mọ́ ọn, ọ̀nà tí agbára fi pín láàárín ìyípo ńlá àti ìyípo kékeré máa ń jọra, bí ojú àwọn ọmọ ilé kan náà ṣe ń jọra. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé pè ní aláìníwà ti ní ìwà, ó sì ṣe é kọ sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti yára. Ní ọdún 1988, Paul Veers ní ilé ìwádìí Sandia fi ọ̀nà kan hàn tí kọ̀ǹpútà lè gbà dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ojú ibi tí apá ẹ̀rọ ń gbà yípo, kì í ṣe fún ibì kan ṣoṣo láàárín rẹ̀. Ní ọdún 1994, Jakob Mann, ní ilé ìwádìí Risø ní Denmark, fi kún un bí ìyípo ṣe ń fà gùn nítorí pé afẹ́fẹ́ òkè máa ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ yìí kò fẹ́ rí lójú ayé, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ bá ti afẹ́fẹ́ gidi mu. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ orúkọ ẹni tí yóò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n tó mọ iye tó yẹ kí òun gbé wá. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń mú ẹ̀rọ tí wọn kò tíì kọ́ wá dúró sínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí yóò ti ṣẹ́. Ìwé òfin tí àjọ IEC gbé jáde fún gbogbo àgbáyé pín ibi tí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ sí gẹ́gẹ́ bí rúkèrúdò ibẹ̀ ṣe tó nígbà tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ mítà 15: ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún fún ibi tó le jù, ìdá 16, ìdá 14 àti ìdá 12 fún àwọn tó tẹ̀ lé e.

Àmọ́ kíkọ́ ẹ̀rọ tó lágbára jẹ́ ọ̀kan, dídarí rẹ̀ nígbà tó bá ń yípo lọ́wọ́ jẹ́ òmíràn. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn.

Afẹ́fẹ́ ní ìrántí. Ká ní ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ti di 12, ìyẹn ni pé ó fi méjì lé. Kí ni yóò jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e? Ẹni tó ní yóò padà sí 10 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ti ṣì í, ẹni tó ní yóò dúró gbọn-in sí 12 náà ti ṣì í. Ká wá sọ pé afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ń rántí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Méjì tó lé yóò di 1.8, yóò di 1.62, bí yóò ṣe máa dínkù nìyẹn, tó bá fi di ìṣẹ́jú àáyá kẹwàá, ohun tó kù kò ju 0.7 lọ. Lórí èyí, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ yóò tún mú nǹkan tuntun wá tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn da owó ẹyọ sílẹ̀ tí kò mọ iye tí yóò ṣí. Ìrántí kan, ìyàlẹ́nu kan. Ìṣirò náà kò ju ìlà kan lọ lórí ìwé, òun sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ń lò láti fojú sun ohun tó ń bọ̀.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà ṣòro ni pé ìrántí yìí kì í dúró sójú kan. Bí ìyípo tó gùn ní mítà 100 bá ń bọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń rìn ní mítà 10, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni yóò fi kọjá lára ẹ̀rọ. Bí afẹ́fẹ́ bá di mítà 20, ìyípo kan náà yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i ni ìrántí rẹ̀ ń kúrú sí i. Ìṣirò tí wọ́n tò ní òwúrọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ rọ̀ yóò ti di irọ́ nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀ tí afẹ́fẹ́ le. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa tún iye wọ̀nyí ṣírò bí àsìkò ṣe ń lọ, ìpíndọ́gba afẹ́fẹ́, bí rúkèrúdò rẹ̀ ṣe tó àti bí ìrántí rẹ̀ ṣe gùn tó, kí ó sì ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn sí pàtàkì ju ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àná lọ.

Àsìkò inú ọjọ́ pàápàá ní tirẹ̀. Ní ọ̀nà àárín òkè San Gorgonio, ní California, ọgbà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan wà tó ní ìlà 41, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Neil Kelley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ohun èlò mọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n sì kíyè sí àsìkò tí apá ń jẹ ìyà jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé ọ̀sán ni, nígbà tí oòrùn ń ru afẹ́fẹ́ sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ ni ìlù náà le jù. Lásìkò yìí, ilẹ̀ ti ń tutù, afẹ́fẹ́ ti ń to ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele bí epo lórí omi, ìpele kan ń yọ̀ lórí èkejì, ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí ara wọn ló sì ti ń já sí ìyípo kéékèèké tó le koko. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ilé ìwádìí NREL tí Kelley ń bá ṣiṣẹ́ gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ TurbSim jáde, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Rúkèrúdò tí ẹ̀rọ iwájú ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ẹ̀yìn náà kò kéré. Ní ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 2008, wọ́n ya àwòrán ọgbà Horns Rev tó ní ẹ̀rọ 80 lórí omi òkun Denmark láti òfurufú. Ìkùukùu ló bá wọn tọ́ka sí i, ìrù funfun gígùn wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí kan èyí tó tẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí gbogbo èyí já sí, ẹ wo bí ẹ̀rọ òde òní ṣe tóbi tó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ Vestas gbé èyí tí wọ́n pè ní V236 dúró ní Østerild, ní Denmark. Apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 115.5, ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 15. Nígbà tí apá kan bá wà lókè pátápátá, tí òmíràn wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ọ̀kan ń rí kì í ṣe èyí tí èkejì ń rí. Ní ìdí apá kọ̀ọ̀kan ni ohun tó ń yí i díẹ̀díẹ̀ wà, kí ó lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ tàbí kí ó jẹ́ kí ó kọjá. Bí ìdarí bá ń tẹ̀ lé gbogbo ìmí kékeré tí afẹ́fẹ́ ń mí, bẹ́árìn ìdí apá yóò jẹ kíákíá, òpó yóò sì máa mì, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ tó ń yí ọwọ́ ọkọ̀ nítorí gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ṣe máa ń gbé èrò rẹ̀ wọ igbó. Bí ó bá sì pẹ́ jù, apá yóò sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí eré àsápajúdé lè fà hàn kedere ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 2008, ní Hornslet, ní Denmark kan náà. Bíréèkì ẹ̀rọ kan kọ̀ nínú ìjì, apá rẹ̀ sáré títí tí ọ̀kan fi já lu òpó, gbogbo rẹ̀ sì wó láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọ́n yà á sínú fídíò, gbogbo ayé sì wò ó.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀? Ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ lórí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn apá, èyí tó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ tí apá ti jẹ kù ni ó ń wọ̀n, ibì kan ṣoṣo ló sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n: wọ́n á wo bí ó ṣe ń yípo àti iye iná tó ń mú jáde, wọ́n á fi ṣírò irú afẹ́fẹ́ tó lè fa irú èyí. Ọ̀nà ìṣirò tí Rudolf Kálmán tẹ̀ jáde ní ọdún 1960, èyí tí wọ́n lò nínú ọkọ̀ Apollo tó lọ sínú òṣùpá, ló ń bá wọn ṣe é. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni ìṣirò, tó ń sọ ohun tó rò pé afẹ́fẹ́ yóò ṣe. Èkejì ni òṣùwọ̀n, tó ń sọ ohun tó rí. Kò sí èyí tó jẹ́ olóòótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n a mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń ṣì í tó, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n sì fi ń gba ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́.

Èyí tó tún jẹ́ tuntun jù ni pé wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wo afẹ́fẹ́ kó tó dé. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò lọ kọlu eruku àti ìrì inú afẹ́fẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò padà wá, ìyípadà kékeré tó bá dé bá a ni yóò sọ eré tí eruku náà ń sá. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ Risø gbé irú ohun èlò yìí sínú imú ẹ̀rọ kan ní Tjæreborg, kí ó máa wo iwájú láàárín apá tó ń yípo. Ní ọdún 2012, ilé ìwádìí NREL dán an wò ní Colorado láti fi yí apá kí ẹ̀fúùfù tó dé.

Ṣé ìyẹn ti wá tán ìṣòro ni? Ó ku ibì kan. Láti ọdún 1938 ni ará Gẹ̀ẹ́sì kan, G. I. Taylor, ti dá a lábàá pé kí wọ́n ka ìyípo inú afẹ́fẹ́ sí ohun tó dì bí omi dídì, tí afẹ́fẹ́ ń gbé kọjá lọ láìyí padà, bí odò ṣe ń gbé ewé. Àbá yìí wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà tán. Bí lésà bá rí ẹ̀fúùfù òjijì ní mítà 100 sí iwájú, tí afẹ́fẹ́ ń rìn ní mítà 10, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ó kù kó dé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn, àwọn ìyípo kéékèèké yóò ti kú sọ́nà, òmíràn yóò ti bí. Àwọn ńlá nìkan ni yóò dé bí a ṣe rí wọn. Bí ìdarí bá gba gbogbo ohun tí lésà rí gbọ́, yóò yí apá nítorí ẹ̀fúùfù tí kò sí mọ́, yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ dá wàhálà tuntun sílẹ̀ fún òpó. Èyí ló fà á tí ìṣirò tó ń sọ irú ìyípo tí yóò yè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, àti èyí tó yẹ kí a gbàgbé, fi di iṣẹ́ ńlá láàárín àwọn onímọ̀. Ó sì tún ku ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ mọ́ jù, tí kò sí eruku tí ìmọ́lẹ̀ yóò kọlù, tàbí tí ìkùukùu bolẹ̀ tí lésà kò ríran jìnnà.

Nílẹ̀ Nàìjíríà, Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ 37 ni wọ́n ṣètò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 275, àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mẹ́gáwáàtì 10. Iṣẹ́ náà ti la wàhálà kọjá, títí kan ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n jí gbé ní Rimi ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Apá méjì péré ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ní, wọ́n sì ṣe òpó rẹ̀ kó lè ṣe é dà dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ tàbí tí ìjì ńlá bá ń bọ̀. Irú ìjì tí wọ́n ń retí lágbègbè yẹn kì í ṣe ti oko àlìkámà Kansas. Nígbà òjò, ìjì ńlá máa ń ti ìlà-oòrùn gba gbogbo àgbègbè Sahel kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Afẹ́fẹ́ lè pa lọ́lọ́, kí ó sì ru gùdù pẹ̀lú eruku láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí òjò tó balẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọn irú àsìkò bẹ́ẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò jẹ́ ìdákẹ́jẹ́, apá kejì yóò jẹ́ ìjì, nọ́ńbà tí wọn yóò sì rí kọ sílẹ̀ yóò jẹ́ ti afẹ́fẹ́ kan tí kò fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Kí ìṣirò tó lè ṣiṣẹ́ fún irú ibẹ̀, òpó òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa kọ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ yóò fi dé, fún ọdún mélòó kan.